Ṣé mo ṣì lè yọwọ́ nínú ilé tuntun tí mo fẹ́ rà ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì lè yọwọ́, bí àwọn lọ́yà kò bá tíì pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn ilé kì í de ẹnikẹ́ni ṣáájú ìgbà náà.

Owó tí ẹ fi di ilé mú ńkọ́? Bí ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ bá wà lábẹ́ New Homes Quality Code (ìlànà tó ń dáàbò bo àwọn tó ń ra ilé tuntun), tí ẹ sì yọwọ́ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ di ilé mú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ pé ẹ ò rà mọ́. Owó ìdá mẹ́wàá tí ẹ san sílẹ̀ lè wọmi, wọ́n sì tún lè pè yín lẹ́jọ́. Ẹ ní kí lọ́yà yín wá "long-stop date" (ọjọ́ ìkẹyìn tí ilé gbọ́dọ̀ parí) nínú àdéhùn: bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí ilé kò parí, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba owó yín padà.