Ẹyinjú àtọwọ́dá Bàbá ń yí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún 8 tí wọ́n ti yọ ojú òsì bàbá wa, tí wọ́n sì fi ẹyinjú àtọwọ́dá sí i. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń yí, tí ẹyin dúdú rẹ̀ á kọjú sí etí. Bí wọ́n bá fi aṣọ nu ojú, á já bọ́. Ṣé kò ní wọnú orí lọ? — Òǹkàwé, Kàbà

ÌDÁHÙN: Kò lè wọnú orí. Awọ ti bo gbogbo ẹ̀yìn ihò ojú náà, kò sí ọ̀nà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dá a padà nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì kó má bàa fọ́ bó bá bọ́. Kí Bàbá wo òkè. Ẹ fa ìpénpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ tẹ ibẹ̀ díẹ̀ sínú. Etí ìsàlẹ̀ ẹyinjú náà á yọ síta. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá. Ẹ má fi sípírítì tàbí omi gbígbóná kàn án: acrylic, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, á sán. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ gbé ìpénpéjú òkè sókè, kí ẹ ti etí òkè rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ wá fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kó fi jókòó. Ìhà tó ṣóńṣó ló sábà máa ń kọ sí imú.

Nínu ojú náà wà lára ohun tó ń fà á. Bí wọ́n bá ń nu ojú síhà etí, wọ́n ń yí i ni. Kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n nù ún síhà imú. Èruku ọyẹ́ àti ojú gbígbẹ ń dá kún un. Oògùn omijé tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ń ṣèrànwọ́.

Ṣùgbọ́n ọdún 8 yẹn la tẹjú mọ́ jù. Ọ̀rá inú ihò ojú máa ń fọn, ìpénpéjú ìsàlẹ̀ á dẹ̀, èyí tó ṣe wẹ́kú tẹ́lẹ̀ á wá di kékeré tàbí kó máa mì. Nǹkan bí ọdún 5 ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń mú un dán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Òwú tí àwọn kan ń kì sẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe o. Àrùn ló ń kó wọlé.

Bó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ ilé oògùn, kí ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ kejì, nítorí bí ihò ojú bá ṣófo pẹ́, ó ń sún kì ni. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ọyún aláwọ̀ ewé, tàbí nǹkan funfun roboto tó yọ láàárín awọ, ẹ má dá a padà. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ.

Ẹ̀ka ojú wà ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ mú ògbólógbòó yẹn dání, òun ni wọ́n á fi wo ìwọ̀n àti àwọ̀. Kí Bàbá sì máa lo gíláàsì tí kì í fọ́ lóko àti lórí ọ̀kadà, torí ojú ọ̀tún.