Àbúrò Mi Ló Ń Bójú Tó Ilé Mi ní Bódìjà, Ọkàn Mi Kò Sì Balẹ̀ Mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, ó sì ti di ọdún 11 tí mo ti kúrò nílé. Ní ọdún 2021, mo ra fúláàtì oníyàrá méjì kan sí Bódìjà ní Ìbàdàn, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì fi í sí ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, kí ó máa gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n ń pè ní short-let. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi àkọsílẹ̀ kankan ránṣẹ́ rí, owó náà sì ń kéré sí i. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan lọ sùn níbẹ̀ láìsọ pé òun mọ̀ mí, ó sì san náírà 45,000 fún alẹ́ kan. Náírà 30,000 ni àbúrò mi sọ fún mi pé òun ń gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, aládùúgbò kan fi fídíò àríyá tí wọ́n ń ṣe nínú fúláàtì náà ránṣẹ́ sí mi, nǹkan bí ogójì ènìyàn, ní aago méjì òru. Màmá wa ní n kò gbọdọ̀ bi ọmọ ìyá mi léèrè owó. Ọkọ mi ní kí n ta ilé náà. Èmi ń rò ó láti fi kámẹ́rà sínú pálọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Balẹ̀

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo sì wá nínú rẹ̀ tí n kò rí ni iye tí ò ń san fún àbúrò rẹ. O sọ iye yàrá, o sọ ọdún tí o rà á, o sọ iye tí ọ̀rẹ́ rẹ san, o tilẹ̀ sọ iye ènìyàn tó wà níbi àríyá, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọmọkùnrin yìí kò sí níbì kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni o gbàgbé láti kọ ọ́, inú mi yóò dùn. Mo fura pé kò sí ni, nítorí pé lójú àwa tí a fi ilé sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé ilé kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ìyá wa kàn ń bá wa fi ojú sí lára. Bẹ́ẹ̀, ilé àlejò kì í ṣe ilé tí a ń fi ojú sí lára. Iṣẹ́ ni.

Ronú sí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ní Bódìjà. Àwọn àlejò tí wọ́n ń bọ̀ láti Èkó sọ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn yóò dé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró lójú ọ̀nà, ó di aago mọ́kànlá òru kí iná ọkọ̀ wọn tó tàn sí géètì, ẹni tó sì di kọ́kọ́rọ́ mú kò tíì jẹun. Wọn kò tíì gbé ẹrù sílẹ̀ tán tí wọ́n fi ní omi gbígbóná kò yọ. Wọ́n tan éésì yàrá méjèèjì àti ti pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì pa wọ́n nígbà tí wọ́n jáde lọ síbi ìnáwó, nítorí náà kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣú, mítà ti ń ké pé yúníìtì ti tán. Gáàsì tán lórí ẹyin tí wọ́n ń dín. Bí wọ́n bá ti jáde lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò rẹ yóò ká aṣọ ìbùsùn tí tìróò àti àtíkè ti rá mọ́, yóò rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, yóò ka ṣíbí, nítorí pé àwọn àlejò mìíràn a máa kó ṣíbí lọ, yóò sì wá ẹni tí yóò tún ẹnu ẹ̀rọ omi tí ọmọ kan yí kán ṣe, nítorí pé òbí ọmọ Yunifásítì kan ń bọ̀ wá wọlé ní aago mẹ́rin. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ ohun tí iṣẹ́ alẹ́ ń fi ara ṣe. Ǹjẹ́ o lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó oṣù?

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi bójú tó ilé kékeré kan tí mo ní ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́rin gbáko ni n kò fi bá a dá iye kan, mo rò pé aṣọ ọdún àti ìrẹsì Kérésìmesì ti tó. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń yọ nínú owó, mo pariwo rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ó jókòó síwájú bàbá mi, ó yọ ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Abẹ́òkúta fún wa, láti ọjọ́ dé ọjọ́. Gbogbo ohun tó yọ kò tó owó ọkọ̀ náà. Títí di òní yìí, bí a bá pàdé níbi ìnáwó, ó máa ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Àǹtí mọ́.

N kò sọ èyí láti fi bo àbúrò rẹ. Kí ènìyàn gba 45,000 kí ó sọ 30,000, irọ́ ni, irọ́ náà sì gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé o kò tíì mọ bóyá olè ni tàbí alágbàṣe tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ san owó ara rẹ̀, àti pé ọ̀nà tí a ń gbà yanjú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí o ti fi ilé náà lé e lọ́wọ́. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó náírà 200 sì fò sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Ẹni tí ó bá ń gba 30,000 kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, kò lè máa gba 30,000 lẹ́yìn rẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ó fi owó kún un, ó sì yẹ kí ó sọ fún ọ. Ọ̀kan ni ó ṣe nínú méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà. O ní owó náà ń kéré sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o bi ara rẹ léèrè bóyá pọ́n-ùn ni o fi ń kà á. Dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 1,400 ní oṣù Kejì ọdún 2024, pọ́n-ùn sì bá a gòkè. Náírà tí àbúrò rẹ ń fi ránṣẹ́ lè má dín ní kọ́bọ̀, kí ó sì jẹ́ pé nígbà tí o bá yí i padà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò kù. Jọ̀ọ́, kí o tó pè é, jókòó ti fóònù rẹ, kí o ka gbogbo ohun tó ti fi ránṣẹ́ ní náírà.

Lẹ́yìn náà, ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe owó tí ó yọ. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún onílé a máa gba nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé. Ní tèmi, bí ó ṣe jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, n kò rò pé ìdá 20 ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí ó jẹ́ ìdá, má jẹ́ kí ó jẹ́ iye kan pàtó, nítorí pé bí owó bá pọ̀ sí i, tirẹ̀ náà yóò máa pọ̀ sí i, kò sì ní sí ìdí fún un láti dín iye tí ó ń sọ fún ọ kù. Ẹ ṣí àkáǹtì kan tí kò ní í gba owó mìíràn ju ti fúláàtì náà lọ, kí àlejò máa san owó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí alẹ́ẹ̀tì máa dé sórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì. Kò gbọdọ̀ sí owó ọwọ́ mọ́. Kí owó epo, iná, gáàsì àti ọṣẹ máa jáde láti inú àkáǹtì yẹn, kí ó máa ya àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Caution fee tí àlejò fi sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò yìí rárá, owó àlejò ni títí tí yóò fi dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ó ṣeé ṣe kí àbúrò rẹ béèrè ìdí tí o fi ń béèrè rìsíìtì nísinsìnyí. Òótọ́ kan wà tí o lè sọ tí kò ní í bu ẹnikẹ́ni kù: ẹni tó ń gbé ní Britain láti ọdún 11 gbọ́dọ̀ sọ owó ilé tó ń wọlé fún un láti òkè òkun fún HMRC, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí níbẹ̀, kò sì sí bí o ṣe lè yọ ìnáwó kúrò nínú rẹ̀ bí o kò bá ní ẹ̀rí. Bí o kò bá tíì máa sọ ọ́, wá akọ̀wé owó kan lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti àríyá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà yìí kan náà, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ nígbà náà pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sínú ilé kan tí wọ́n ń gbé níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ara àwọn ará àdúgbò yìí kì í gba àjèjì tí ń wọlé tí ń jáde lóru, wọn kò sì jẹ̀bi. Kò gbọdọ̀ sí àlejò kan tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ láìfi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kí a sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni fúláàtì oníyàrá méjì gbà. Kí o pe aládùúgbò tó fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ, kí o tọrọ àforíjì, kí o sì fún un ní nọ́ńbà àbúrò rẹ, nítorí pé ojú rẹ̀ sún mọ́ ilé rẹ ju tìrẹ lọ.

Kámẹ́rà inú pálọ̀ ńkọ́? Má dán an wò. Obìnrin tó ti ojú ọ̀nà dé, tó tú gèlè, tó sì jókòó sórí àga rẹ pẹ̀lú ìró nìkan kò san owó kí o lè máa wò ó láti Manchester. Láti òpin oṣù Kẹrin ọdún 2024, Airbnb, iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onílé fi ń wá irú àlejò báyìí, kò gba kámẹ́rà inú ilé láàyè mọ́ níbikíbi, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì wà ní Nàìjíríà. Fi ọ̀kan sí ìta, kí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí o kọ ọ́ sára ògiri pé ó wà níbẹ̀, kí àbúrò rẹ sì mọ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn.

Màmá yín kò fẹ́ kí owó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ inú òun, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n sì tọ́. Má bá wọn jiyàn. Lọ sọ fún wọn pé o fẹ́ máa san owó fún àbúrò rẹ, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ kí wọ́n tó gbọ́ nǹkan mìíràn. Ti ọkọ rẹ, bẹ̀ ẹ́ kí ó fún ọ ní oṣù mẹ́fà, kí àkáǹtì tuntun náà kọ́kọ́ sọ iye tí ilé yìí ń mú wọlé ní tòótọ́, nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà.

Bí àbúrò rẹ bá sì ní òun kò lè ṣe é mọ́, tàbí tó bá gba ìdá 20 tán tó ṣì ń fi owó pamọ́, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o fi fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò. Má lé e kúrò nínú ayé rẹ nítorí ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni kí o pè é, lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti lọ tó sì ti sinmi. Kọ́kọ́ bi í léèrè iye wákàtí tí ó sùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí o sì jẹ́ kí ó dáhùn tán. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ san 45,000, kí o dákẹ́, kí o gbọ́ ohun tí yóò sọ. Kọ̀wé sí mi padà, ọmọ mi.