Ìbéèrè Yín Lórí Ohun Ọ̀sìn: Mo Fẹ́ Kí Aláǹtakùn Onírun Mi Bímọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì háyà yàrá kan sí ilé ìyá àgbà kan nítòsí Láàgèrè. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó máa ń sin aláǹtakùn ńlá onírun, èyí tí wọ́n ń pè ní tarántúlà, fi abo kan sílẹ̀ fún mi nígbà tí ó ń kó lọ sí Èkó. Ara rẹ̀ funfun pẹ̀lú àmì dúdú, ẹ̀yìn èèpo igi ni ó máa ń sá sí, eré rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí láti yá mi ní akọ. Mo fẹ́ kí wọ́n bímọ, kí n lè máa ta àwọn ọmọ náà. Báwo ni kí n ṣe é? Kí sì ni kí n sọ fún ìyá onílé, tí ó ní òun kò fẹ́ nǹkan abàmì nínú ilé òun?

ÌDÁHÙN: Bí àpèjúwe yín bá pé, ó jọ pé Heteroscodra maculata ni ẹ ní lọ́wọ́, aláǹtakùn orí igi tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ẹ kọ́kọ́ mú àwòrán rẹ̀, tàbí awọ tí ó bọ́ sílẹ̀, lọ bá àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kí wọ́n bá yín wò ó, nítorí akọ tí kì í ṣe irú rẹ̀ gan-an kò ní í wúlò fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ oró ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláǹtakùn onírun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń gbọn irun ikùn wọn sí ọ̀tá lára, ṣùgbọ́n àwọn ti Áfíríkà kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Ehín ni wọ́n fi ń jà. Kò sí àkọsílẹ̀ tó dájú pé oró wọn pa ènìyàn, síbẹ̀ ẹni tí irú èyí bá bù jẹ yóò jẹ̀rora, ojú ibẹ̀ yóò wú, iṣan ara rẹ̀ sì lè máa sún kì. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti lo èròjà inú oró irú aláǹtakùn yìí láti tọpa ọ̀nà kan tí ìrora ń gbà nínú iṣan ìmọ̀lára. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e sọ́wọ́ rárá. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ máa lò.

Ẹ yẹ akọ náà wò dáadáa kí ẹ tó gbà á. Lẹ́yìn ìgbà tí ó bá bọ́ awọ ìkẹyìn ni ó tó di akọ tí ó lè gun abo, orí apá kékeré méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ yóò sì wú bí ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Yóò hun òwú pẹlẹbẹ kan, yóò da àtọ̀ sí i, yóò sì fi apá méjèèjì náà fà á mu; inú wọn ni àtọ̀ náà yóò wà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ abo. Ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn mọ́ láti ìgbà náà lọ, nígbà tí abo àwọn irú mìíràn lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti abo, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún ni ọjọ́ tí ó bọ́ awọ kẹ́yìn. Bí ó bá bọ́ awọ lẹ́yìn tí akọ ti gùn ún, ibi tí ó fi àtọ̀ pamọ́ sí nínú ara yóò bá awọ àtijọ́ jáde, gbogbo làálàá yín yóò sì di asán. Ẹ dúró kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, kí ara rẹ̀ le, kí ẹ wá bọ́ ọ ní ìrẹ̀ àti aáyán yó kẹ́ri. Abo tí ebi ń pa yóò sọ ọkọ di oúnjẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé akọ wọlé tọ̀ ọ́, kí búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn sì wà lọ́wọ́ yín láti là wọ́n.

Ẹyin lè gbà tó oṣù díẹ̀ kí ó tó dé. Abo yóò fi òwú di wọ́n sínú àpò kan, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bí ìdààmú bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, kí ike rẹ̀ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn irú kan kì í yé tó 100 ẹyin, àwọn mìíràn sì ń yé ju 1,000 lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti ń jẹun, ike tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, nítorí wọn yóò jẹ ara wọn. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń kùn lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà, tàbí itan ìrẹ̀ tí ẹ gé, tó wọn láti jẹ. Ẹ má ṣe ṣa ìrẹ̀ nínú oko kòkó tí wọ́n ti fín oògùn sí. Oògùn tí ń pa kòkòrò ń pa aláǹtakùn pẹ̀lú, oògùn ẹ̀fọn inú yàrá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí ẹ̀gbẹ́ ike, nítorí ọ̀dá omi lè jẹ́ kí awọ há mọ́ wọn lára. Èyí tí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ó na ẹsẹ̀ sókè kò tíì kú. Awọ ni ó fẹ́ bọ́.

Títà gan-an ni ìṣòro. N kò rò pé ẹ ó rí oníbàárà púpọ̀ ní Ifẹ̀, nítorí náà ẹ wá àwọn tí yóò gbà wọ́n kí akọ tó gun abo rárá. Ẹ tọ́jú awọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bọ́: bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, ẹni tí ó bá fi awò amú-nǹkan-tóbi wo inú awọ náà lè mọ èyí tí ó jẹ́ abo, abo ni àwọn tó mọyì rẹ̀ sì máa ń fẹ́ jù. Ẹ má ṣe tà á fún ọmọdé, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ oró pamọ́ fún ẹni tí ń rà á.

Ní ti ìyá onílé, ẹ fi ike tí ó ní kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wọn tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, àwọn ni wọ́n ni ilé.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní ìtòsí Ìlẹ̀ṣà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá bó èèpo igi nínú oko mi láti mú aláǹtakùn onírun, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣé òfin gbà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe gbà fún wọn, bàbá. Orílẹ̀-èdè wa ti wà nínú àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ láti ọdún 1974. Gbogbo ẹ̀yà aláǹtakùn onírun tí wọ́n ń pè ní Brachypelma, ti ilẹ̀ Mẹ́síkò, wọ inú àkọsílẹ̀ àdéhùn náà ní ọdún 1994, àwọn tí wọ́n ń pè ní Poecilotheria, ti Íńdíà àti Sri Lanka, sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2019. Kíkó wọn nínú igbó fún títà wà lára ohun tí ó fà á. Kódà, èyí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà kò lè kúrò ní Nàìjíríà láìní ìwé àṣẹ ìjọba àti àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ẹranko àti ohun ọ̀gbìn ní ibodè. Òfin ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé pàápàá kò fàyè gba ẹranko alààyè, àfi oyin, eṣúṣú àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn; bí wọn kò bá ní i, kí wọ́n jáde nínú oko yín, nítorí aláǹtakùn náà ń bá yín jẹ aáyán àti ìrẹ̀ tí ó wà níbẹ̀.