Báwo ni òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣe lè di ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé, ilé-ìkàwé yunifásítì kan ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó wù mí kí n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣé kí n dúró síbi tí mo wà ni, àbí kí n lọ máa kọ́ni? Ọdún mélòó ni mo máa fi dé ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lọ máa kọ́ni, ẹ sì tètè lọ. Òkè ọ̀nà tí ẹ wà lónìí ni ipò University Librarian, olórí ilé-ìkàwé yunifásítì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wà níbẹ̀ ní yunifásítì kan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Másítà lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Òun ni wọ́n sábà fi ń gba èèyàn sípò Assistant Lecturer. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer àti Reader, kó tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbéga márùn-ún nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà, ọdún 3 ló gbọ́dọ̀ pé láàárín ìgbéga kan sí èkejì, ọdún 15 lápapọ̀ bí ohunkóhun ò bá dá yín dúró. Oyè dókítà ló ń dáni dúró jù, torí náà ẹ má sinmi láàárín òun àti másítà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LRCN (Librarians' Registration Council of Nigeria) náà, àjọ tí òfin 1995 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ìwé kíkọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá kan Reader àti ọ̀jọ̀gbọ́n, yunifásítì á fi àpilẹ̀kọ yín ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ibòmíràn. Iye ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń wá ohun tí ẹ mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó kọ̀wé lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tó kọ ti owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́la, tó sì jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò ní ohun tí wọ́n máa tọ́ka sí. Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, gbájú mọ́ ilé-ìkàwé ọmọdé àti ti ilé-ìwé. Abadina Media Resource Centre, ilé-ìkàwé ọmọdé tó dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣì ń jẹ́rìí sí i.

Ní tèmi, àkáífù, ìyẹn títọ́jú ìwé àti fáìlì àtijọ́, ni mo máa ní kí ẹ mú, torí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe é ò sì pọ̀. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ti fi ìpìlẹ̀ National Archives, àkáífù ìjọba Nàìjíríà, lélẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954, fáìlì ìjọba amúnisìn sì kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kóòtù ìbílẹ̀, ti ààfin àti ti ìjọ ńkọ́? Ikán àti ọ̀rinrin ń jẹ wọ́n. Ẹ gba àyè láti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹ fi ìwé orúkọ fáìlì wé ohun tó wà lórí pẹpẹ: mélòó ló yẹ kó wà, mélòó lẹ rí, èwo ni yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, èwo ni kòkòrò ti lu. Ẹ kọ àlàyé ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tún wọn tò ní àkòrí-àkòrí o, torí bí ọ́fíìsì ṣe tò wọ́n ló ń fi hàn bí wọ́n ṣe dé orí ìpinnu wọn. Ẹni tó bá tú u ká ti ba ẹ̀rí jẹ́. Lára iṣẹ́ kan yìí lẹ ti máa rí àpilẹ̀kọ lórí ipò ìwé, lórí ẹni tó lè kà á àti lórí yíyà á sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn á sì so mọ́ra.

Ẹ yẹra fún jọ́nà tó ń gbowó tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má kó gbogbo àpilẹ̀kọ yín sínú jọ́nà yunifásítì tiyín. Kí orúkọ yín sì máa ṣáájú nínú èyí tó pọ̀. Ẹ tọ́jú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ojú ewé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ tọ́ sọ́nà. Ìdáhùn àwọn olùyẹ̀wò máa ń pẹ́, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Bí ó bá dé, ọjọ́ tí ìgbéga tọ́ sí yín ni wọ́n sábà máa ń ka ìgbéga náà sẹ́yìn sí.