Ìkòkò cactus tí mo fi kíróṣè hun ò jókòó, fóòmù sì ń yọjú níbẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Fìlà ọmọ, ṣọ́ọ̀lù àti sọ́ọ̀sì ọmọ tuntun ni mo máa ń hun, ó sì ti pẹ́ tọ́wọ́ mi ti dán níbẹ̀. Kọ́sítọ́mà mi kan wá ní kí n bá òun hun cactus kékeré tó wà nínú ìkòkò, irú èyí tí wọ́n ń kì nǹkan sínú ẹ̀, òun fẹ́ gbé e sórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Mo wo fídíò, mo hun ún, àmọ́ ìdí ìkòkò yẹn tẹ̀ bí abọ́, kò jókòó rárá, tí mo bá gbé e kalẹ̀ á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fóòmù tí mo gé wẹ́wẹ́ kì sínú ẹ̀ ń yọjú láàárín òwú, cactus yẹn gan-an sì dẹ̀gbẹ́. Wúlù tí mo fi ń hun fìlà ni mo lò, pẹ̀lú píìnì kíróṣè 5 mílímítà. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, inú mi dùn sí i gan-an, torí ohun tó ń dà yín láàmú yìí ló ń da ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ fìlà àti ṣọ́ọ̀lù hun dáadáa láàmú, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ lé nǹkan tí wọ́n ń kì. Ọwọ́ yín ò burú o. Ọwọ́ fìlà lẹ fi hun ìkòkò ni. Fìlà ọmọ, a fẹ́ kó rọ̀, kó máa fà, kí atẹ́gùn ráyè wọlé kórí ọmọ má bàa gbóná, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń lo píìnì tó tóbi níbẹ̀. Ìkòkò ò nílò atẹ́gùn kankan. Kí ojú híhun ẹ̀ sún mọ́ra pinpin ló fẹ́, débi pé tẹ́ ẹ bá ti kì í tán, tẹ́ ẹ fà á sọ́tùn-ún sósì, ẹ ò ní rí ohun tó wà nínú ẹ̀.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ píìnì. Bébà tí wọ́n fi wé wúlù máa ń sọ nọ́ńbà píìnì tó yẹ, wúlù akírílíìkì tó wọ́pọ̀ lọ́jà, èyí tí ò tín-ín-rín tí ò sì nípọn jù, ẹ lè rí 5 lára ẹ̀, àmọ́ aṣọ ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fún nǹkan kíkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 3.5, tọ́wọ́ yín bá sì máa ń dẹ̀ nídìí òwú, ẹ lọ sí 3. Ó máa ṣe yín bíi pé píìnì ò fẹ́ wọlé, ọwọ́ á sì tètè máa ro yín, ẹ sinmi kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ó máa mọ́ yín lára. Wúlù yín yẹn dáa, ẹ ò nílò òmíì.

Nǹkan míì wà tó máa ń jẹ́ kó ki, tí mi ò kì í fi pa mọ́ fáwọn tí mò ń kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ki píìnì bọnú ojú, dípò kẹ́ ẹ gbé òwú gba orí píìnì, ẹ jẹ́ kí píìnì bọ́ sórí òwú, kó gbá a mú, kẹ́ ẹ wá fà á jáde. Bẹ́ẹ̀ nìkan. Ojú tó máa ń rí bíi V á wá rí bíi X, á kéré sí i, á sì le sí i. Àwọn tó ń hun amigurumi, ìyẹn àwọn ọmọlangidi kéékèèké tó ti Japan wá, lọ́pọ̀ nínú wọn ń hun báyìí. Kẹ́ ẹ tún yẹ ìkòkò yẹn wò bóyá inú ẹ̀ ló wà níta: ojú òde ló máa ń fi àwọn V tàbí X yẹn hàn, ojú inú ní àwọn ìlà kéékèèké tó dùbúlẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ló kọjú sí yín, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó hun ún jìnnà.

Ó wá ku ìdí ìkòkò, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń fi gbogbo sùúrù wọn sórí cactus àti òdòdó tó wà lórí ẹ̀ torí òun lojú ń rí, wọ́n á wá sáré hun ìkòkò kó lè tètè parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ni iṣẹ́, tó bá ti dúró dáadáa, ewé tó wù yín lẹ lè gbìn sí i.

Ẹ fi òwú ṣe òrùka tó ṣeé fà pa, ẹ hun single crochet, ìyẹn ojú kúkurú, 6 sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fà á kí ihò àárín dé. Rọ́ùndù kejì, ẹ hun ojú méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ẹ̀kẹta 18, ẹ̀kẹrin 24, ìkarùn-ún 30. Ojú 6 ni rọ́ùndù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fi lé sí i, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ẹ lè ní kí ló dé tó fi jẹ́ 6. Ojú single crochet kan, gíga ẹ̀ àti fífẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan roboto, bó bá ṣe fẹ̀ tó láti àárín, etí ẹ̀ á gùn sí i ní ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀, ìṣirò 2 pai tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì náà ni. Tí ojú tẹ́ ẹ fi kún un bá kéré sí 6, etí ò ní gùn tó, á máa fà wọnú, ó di abọ́ nìyẹn. Tó bá pọ̀ jù, etí á máa ṣẹ́ pọ̀, á máa ru sókè ru sódò.

Mo wá fẹ́ bi yín: ṣé ojú kúkurú lẹ hun lóòótọ́? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ìwé híhun àwọn ará Amẹ́ríkà àti tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ò pe nǹkan lórúkọ kan náà. Èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet. Double crochet ti Amẹ́ríkà, treble ni lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ga ju èyí àkọ́kọ́ dáadáa. Ní báyìí tó bá jẹ́ ojú gíga yẹn lọwọ́ yín mọ́ nídìí ṣọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ sì ń fi 6 kún un bí fídíò ṣe wí, kò sí bí ò ṣe ní di abọ́, torí ojú gíga yẹn ń fẹ́ bíi 12 ní rọ́ùndù kọ̀ọ̀kan kó tó lè tẹ́. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní single crochet nínú tiwọn, torí náà ìwé tàbí fídíò tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ yẹn nínú ẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni.

Tó bá wá jẹ́ ojú kúkurú náà lẹ hun, a jẹ́ pé kíkà ló sọnù nìyẹn. A kì í so rọ́ùndù kan pọ̀ mọ́ èkejì nínú irú iṣẹ́ yìí, ṣe la máa ń yí lọ títí, kò wá sí bẹ́ẹ ṣe máa mọ ibi tí rọ́ùndù ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ò bá fi àmì sí i. Òwú àwọ̀ míì tó gùn díẹ̀ ti tó, tàbí píìnì tí wọ́n fi ń de ìlédìí, ẹ fi há ojú àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sókè ní gbogbo rọ́ùndù. Kẹ́ ẹ sì máa kà á. Kódà èmi tí mò ń fi jẹun, mo ṣì ń kà á.

Tí 30 bá ti pé, pẹ̀lú píìnì 3.5, ìdí yẹn á fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Rọ́ùndù tó kàn, ẹ má fi nǹkan kún un mọ́, okùn ẹ̀yìn nìkan ni kẹ́ ẹ máa kọ́. Orí ojú kọ̀ọ̀kan ní okùn méjì, ọ̀kan wà níwájú lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan wà lẹ́yìn, ẹ fi tiwájú sílẹ̀. Rọ́ùndù kan ṣoṣo yìí ló máa ṣẹ́ etí ìdí ìkòkò kó yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tẹ́ ò bá ṣe é, ìdí ẹ̀ á kàn máa yí gbirigbiri wọ ẹ̀gbẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ hun okùn méjèèjì bó ṣe yẹ fún rọ́ùndù 4, ẹ wá hun rọ́ùndù kan tẹ́ ẹ máa fi méjì sínú ojú karùn-ún karùn-ún kó di 36, kí ẹnu ìkòkò lè fẹ̀ ju ìdí lọ díẹ̀, ẹ tún wá hun 4 sí i. Ó kẹ́yìn, ẹ hun rọ́ùndù 2 fún etí ìkòkò, àmọ́ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, okùn iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́. Àwọn okùn ẹ̀yìn 36 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ la máa rán ilẹ̀ mọ́, ìyẹn híhun roboto tó dà bíi yẹ̀pẹ̀ tí cactus máa dúró lé. Tẹ́ ẹ bá rí wúlù tó ní àwọ̀ amọ̀ pupa, òun ló máa ń wù mí jù fún ìkòkò.

Àgbà bọ̀ wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ìdí tó tẹ́ nìkan ò lè dá gbé e dúró, ó fẹ́ nǹkan tó le lábẹ́, ó sì fẹ́ nǹkan tó wúwo. Fún èyí tó le, ẹ gé ìdérí ike, irú ti áásìkiriìmù tàbí bọ́tà, ní róbótó tó fi díẹ̀ kéré sí ìdí ìkòkò, ẹ tẹ́ ẹ sínú. Ẹ má lo páálí, ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ló máa bàjẹ́. Fún èyí tó wúwo, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tàbí sọ́ọ̀sì tó ti gbó wé e kó má bàa máa dún kó má sì gún òwú. Àwọn kan máa ń lo ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, mi ò fẹ́ ẹ rárá, kòkòrò máa wọ̀ ọ́, eku á sì gbóòórùn ẹ̀.

Fóòmù tẹ́ ẹ gé yẹn, ẹ kó o kúrò. Ó máa ń ṣe kókó kókó, ó sì máa ń ti òwú jáde. Fáíbà ni kẹ́ ẹ rà, funfun tó rọ̀ tí wọ́n ń kì sínú pílò, àwọn tó ń ta nǹkan ìránṣọ máa ń ní in, tẹ́ ẹ bá sì ní pílò tó ti gbó nílé, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ẹ fà á ya díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í, kẹ́ ẹ ti etí bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sí àárín.

Cactus ò le rárá. Ẹ ṣe ṣéènì, ìyẹn ojú ìbẹ̀rẹ̀ tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, 16, ẹ fo èyí tó sún mọ́ píìnì jù, ẹ hun 15 padà. Ẹ yí i, ẹ ṣe ṣéènì 1, ẹ tún hun 15, okùn ẹ̀yìn nìkan lẹ máa kọ́. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn títí ìlà 24 á fi pé. Kíkọ́ okùn ẹ̀yìn yẹn ló ń yọ ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó jọ ti cactus tòótọ́. Ẹ ká a, ẹ rán ìlà tó kẹ́yìn mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba etí ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá lápá òkè, ẹ fà á kó pa dé, ẹ so ó.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ gbayawu. Tí cactus yín bá dẹ̀gbẹ́, ó jọ pé ẹ fa òkè pa, ẹ tún fa ìsàlẹ̀ pa, ó wá jókòó lórí ibi kékeré kan ṣoṣo, kò sí bó ṣe máa dúró. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé e lé, wúlù búráùn tó ṣú dúdú, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà hun ún bí ìdí ìkòkò, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dé 36 kó lè bá ẹnu ìkòkò dọ́gba. Ẹ wá wo rọ́ùndù kẹrin lára ẹ̀, ojú 24 ló wà níbẹ̀, ìlà 24 náà ló wà lára cactus! Ọ̀kan sí ọ̀kan ni kẹ́ ẹ rán wọn, á bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́ láìlo rúlà. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú un níbi mẹ́rin tó kọjú síra kẹ́ ẹ tó rán an yípo, tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ rán an tán, ẹ kì í kó le dáadáa ní ìdí. Kí gbogbo èyí parí kẹ́ ẹ tó rán ilẹ̀ mọ́ ìkòkò, kí gbogbo sóńsó òwú àti kókó lè wà lábẹ́ ibi tójú ò tó.

Ẹ̀gún ẹ̀, òwú ìránṣọ funfun lẹ fi máa ta á sára ẹ̀ ní kúkurú kúkurú. Òdòdó orí ẹ̀, ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín. Ti ọ́fíìsì ni kọ́sítọ́mà yín fẹ́, torí náà òkúta ò ní wàhálà, àmọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe é fún ọmọ kékeré lọ́jọ́ iwájú, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí òkúta, kò gbọdọ̀ sí ike, kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan lára ẹ̀, fáíbà nìkan, ẹ̀mí ọmọ ò ṣeé fi ṣeré.

Tẹ́ ẹ bá ń rán ilẹ̀ mọ́ àwọn okùn ẹ̀yìn tó wà nínú ìkòkò, tó bá ku bíi ojú mẹ́wàá, ẹ dúró. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ fi ìka ti orí cactus yẹn. Tó bá mì tó sì padà sí ààyè ẹ̀, ẹ rán èyí tó kù pa. Tó bá ṣubú, ẹ ti fáíbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi òkúta méjì mẹ́ta sí i nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tì wò.