Bí Amẹ́ríkà bá yọ orílẹ̀-èdè kúrò nínú AGOA, ṣé ó kan aránṣọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń rán aṣọ àdìrẹ, oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà sì fẹ́ máa gbà á lọ́pọ̀. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ àfipáṣe lè mú kí orílẹ̀-èdè pàdánù AGOA. Èmi kò fipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ṣé ó lè kàn mí?

Ìdáhùn: Ó lè kàn yín. Orílẹ̀-èdè ni AGOA ń wò, kì í wo oníṣòwò. Òfin Amẹ́ríkà ọdún 2000 ni AGOA, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, àmọ́ ó béèrè pé kí ìjọba máa dáàbò bo ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, kó sì dènà iṣẹ́ àfipáṣe. Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

Ẹ wo Mọriténíà. Wọ́n fòfin de ẹrú níbẹ̀ ní 1981, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀ràn ní 2007, wọ́n tún ṣòfin mìíràn ní 2015. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n bí sínú ẹrú ṣì wà. Ní oṣù kọkànlá 2018, Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò yọ ọ́. Ó jáde ní 1 January 2019, kò sì padà wọlé títí di 2024. Òfin inú ìwé nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, jáde ní 2015 nítorí ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó padà ní 2018. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, àwọn gan-an tí òfin náà ní òun ń gbèjà! Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí pàṣán mìíràn tí ìjọba ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín ẹni tí yóò san owó ibodè bí nǹkan bá yí padà nígbà tí ẹrù ṣì wà lójú omi.

Òfin Amẹ́ríkà mìíràn wà, ti ọdún 1930, tó jẹ́ pé ọjà fúnra rẹ̀ ló ń wò: kì í jẹ́ kí ọjà tí wọ́n fi iṣẹ́ àfipáṣe ṣe wọlé. Malawi ṣì wà nínú AGOA nígbà tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá tábà rẹ̀ dúró ní 2019. Ibí ni ìwé ti lè gbà yín, ibí náà ni mo sì ti ń bẹ̀rù fún yín jù. Níbo ni aṣọ funfun tí ẹ ń pa láró ti wá? Bó bá jẹ́ Ṣáínà, tí òwú rẹ̀ sì ti agbègbè Xinjiang níbẹ̀ wá, láti oṣù kẹfà 2022 ni Amẹ́ríkà ti kà á sí iṣẹ́ àfipáṣe, àfi bí ẹni tó kó o wọlé bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ fún yín, kí ẹ sì bi í nípa ibi tí wọ́n ti hun ún àti ibi tí òwú ti wá. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù: àfikún ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún AGOA ní 2015 parí ní 30 September 2025. Kí ẹ tó dá iye lé aṣọ, ẹ ní kí oníbàárà yín bi aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.