Kí ni Maurice Glèlè Ahanhanzo ṣe tí a fi ṣì ń dárúkọ rẹ̀ ní Benin?

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ni. Lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì 1990, níbi tí ará Benin ti fẹnu kò lórí ètò ìjọba tuntun, òun ló ṣíwájú ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ tí ará ìlú dìbò gbà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Lójú tèmi, abala 3 ni ọ̀ṣọ́ òfin náà. Ó ní ọmọ ìlú yòówù lè pe òfin tàbí ìgbésẹ̀ aláṣẹ tó tako òfin ìpìlẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu. Kò dìgbà tí èèyàn bá di mínísítà. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lè kọ lẹ́tà ìpẹ̀jọ́ sí kóòtù náà.

Àwa ará Àjàṣẹ́ rí agbára rẹ̀ nítòsí. Ní 2006, àwọn aṣòfin tó ń jókòó nílùú wa fi ọdún kan kún sáà ara wọn, láti 4 sí 5. Ní oṣù Keje, kóòtù wọ́gi lé e, ó ní ó lòdì sí ìfohùnṣọ̀kan orílẹ̀-èdè tí òfin ìpìlẹ̀ dá lé.

Glèlè fúnra rẹ̀ ti jókòó ní kóòtù yìí. Ó wà níbẹ̀ ní 1996 nígbà tí wọ́n dájọ́ pé ìwé àṣà Dàhòmì (orúkọ Benin àtijọ́) tí ìjọba Faransé gbé jáde ní 1931 kò lágbára òfin. Ẹ̀yin obìnrin, ìdájọ́ yẹn kàn yín gidigidi, torí ìwé náà ka obìnrin sí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́.

Láti 1993 sí 2002, ó tún ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà.